Ọkùnrin Tó Ń Fò Látorí Àpáta

Bernadine Kolb ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé ọkùnrin tó máa ń fò látorí àpáta nínú gbogbo fíìmù Lon Tarrant ti kú. Bernadine ló ń gé fíìmù tó sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní ilé-iṣẹ́ wa, ní òpópónà Gower, ní Hollywood. Èmi ni mo ń fọ aṣọ àwọn òṣèré, tí mo ń pa á láró, tí mo sì ń rán èyí tó bá ya. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, ní 1953. A jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, à ń jẹ búrẹ́dì àti ẹyin. Ó bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀.

"Oleta," ó ní, "Orrin Teague ò sí ní Wyoming o."

"Ibo ló wá wà?"

"Ó ti kú. Ọjọ́ tó fò yẹn gan-an ló kú. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án."

Mo rẹ́rìn-ín. Níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń kú. Wọ́n á yìnbọn pa ọkùnrin kan láàárọ̀, wọ́n á tún yìnbọn pa á lọ́sàn-án, yóò wá bá mi nírọ̀lẹ́ pé kí n bá òun wá bọ́tìnì òun tó já. Mo ń retí kí Bernadine bá mi rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ fífò yẹn ṣe jẹ́. Lon Tarrant ti ṣe fíìmù kábọ́ọ̀ì mọ́kànlélọ́gbọ̀n nígbà náà, ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì wọ̀ nínú gbogbo wọn: ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí a rán okùn funfun mọ́ láyà àti lẹ́yìn, bọ́tìnì méjìlá níwájú. Àwọn ará ìta rò pé Lon ló fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni. Ilé-iṣẹ́ wa kéré, ọjọ́ méje la fi ń parí fíìmù kan. Tí ìtàn bá ti dé ibi tí àkọni yóò ti sá fún àwọn olè, tí yóò fi ẹṣin fò látorí àpáta sínú odò, a kì í lọ sí odò kankan. Bernadine á mú fífò tí wọ́n yà ní 1944, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun. A ó da garawa omi lé Lon lórí lẹ́yìn ilé, òun náà á máa mí hẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò. Ìdí nìyẹn tí ṣẹ́ẹ̀tì kò fi gbọdọ̀ yí padà. Tí ọ̀kan bá ti ṣá, èmi ni mo ń pa tuntun láró kó lè bá ti 1944 mu. N kò kọ bí mo ṣe ń po aró náà sílẹ̀ rí, nítorí n kò tíì mọ ìwé kọ. Inú orí mi ló wà.

Lon fúnra rẹ̀ kò mọ ẹṣin gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ alápatà ni láti Nebraska, Emil Novotny lorúkọ tí bàbá rẹ̀ fún un. Ó ga, kámẹ́rà fẹ́ràn ojú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dára. Orrin ló ń gun ẹṣin fún un. Tí wọ́n bá kọ̀yìn sí ọ, o ò lè mọ èwo ni Lon, èwo ni Orrin, àfi tí o bá mọ̀ pé Orrin máa ń gbé ìgúnpá òsì sókè díẹ̀ lórí ẹṣin, bí ẹyẹ tó fẹ́ na ìyẹ́.

Gbogbo wa la mọ̀ pé Orrin fara pa lọ́jọ́ náà. Wọ́n sọ fún wa pé ẹ̀yìn ló dùn ún, pé ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Wyoming, kò sì ní gun ẹṣin mọ́. Ní gbogbo Kérésìmesì, Lon máa ń ra òwú wá fún mi, á ní kí n hun ìbọ̀sẹ̀ fún Orrin. Mo máa ń fi òwú pupa parí orí rẹ̀, níbi ọmọ ìka. Tí mo bá dì í tán, Lon á gbé e lọ sí ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Sprague, ọ̀gá wa, kí wọ́n bá a fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án la ti ṣe bẹ́ẹ̀.

"Omi ò pọ̀," Bernadine ní. "Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n wọn odò yẹn, ó jìn ju ènìyàn méjì lọ. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n wá ya fíìmù. Àwọn olóko ọsàn tó wà lókè odò ti darí omi sí oko wọn kó tó di ọjọ́ Ajé. Kò sí ẹni tó tún un wọ̀n."

"Orrin alára ò rí i?"

"Láti orí àpáta? Omi á máa dán ni, ìwọ náà."

Mo gbé búrẹ́dì tèmi náà sílẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ òní ló ń sọ ọ́.

"Tẹlifíṣọ̀n ni," ó ní. "Àwọn ará New York ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Aago mẹ́rin ni Lon máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Fífò yẹn ni wọ́n á máa fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Oleta. Ní pálọ̀ olúkúlùkù. Àwọn ọmọ á máa jẹun, Orrin á máa kú níwájú wọn."

Ó ní nígbà náà, wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ pé kí òun sun ìyókù fíìmù náà, apá tó wà lẹ́yìn ìgbà tí ẹṣin bá ti kan omi, èyí tí kò sí ẹni tó rí i rí. Kò sun ún. Inú agolo kan ló fi í sí, lábẹ́ agolo tíì rẹ̀.

"Lon mọ̀?"

"Wọ́n sọ ohun tí wọ́n sọ fún ìwọ náà fún un ni. Má sọ fún un o. Ìwé yẹn ni ọjọ́ ọ̀la rẹ̀. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún, tí kò bá rí ti tẹlifíṣọ̀n yìí, ó tán."

N kò sọ fún un. Lọ́jọ́rú, mo ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn. Mo yí i síhìn-ín, mo yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni pé ara Orrin ni mo ń lọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ ohùn Lon láti ojú fèrèsé kí n tó rí i. Àwọn ẹlẹ́ṣin tí kò níṣẹ́ máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wa pẹ̀lú àkẹtẹ̀ àti bàtà tiwọn, bóyá wọ́n á pè wọ́n. Wọn kì í jẹ́ kí Lon kọjá lásán.

"Lon! Ẹṣin rẹ ní kí n kí ọ! Ó ní nígbà wo lo máa wá gun òun?"

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ó ní bó o ṣe sọ lọ́dún tó kọjá nìyẹn!"

"Ṣé òun ló ní kí o máa ṣe agbẹnusọ òun? Ẹ̀yin méjèèjì kúkú jọra lójú!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ó wọlé bá mi tòun ti ẹ̀rín lẹ́nu, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gun orí àpótí kí n lè wo etí aṣọ náà.

"Màmá Oleta, ẹ ò sọ̀rọ̀ lónìí. Ṣé ẹ ń bínú sí mi ni? Tí mo bá ti di ará tẹlifíṣọ̀n tán, mi ò ní gbàgbé yín o."

"N kò bínú."

"Ojú yín ò jọ bẹ́ẹ̀."

Ẹnu rẹ̀ la wà nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Obìnrin kan wọlé, ó ga, ó tínrín, ó dé fìlà dúdú. Ó fi báàgì sí ọwọ́ kan, ó gbé ìgò jáàmù sí ọwọ́ kejì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ṣọ́ géètì ló ní kí n wá síbí," ó ní. "Ó ní kò sí ẹlẹ́ṣin tí kì í dé ibi aṣọ. Alma Teague lorúkọ mi. Àbúrò mi ni mo wá wò, òun ni mo gbé jáàmù yìí wá fún."

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Lon ti fò sílẹ̀ látorí àpótí.

"Alma! Ẹ̀gbọ́n Orrin! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Orrin ńkọ́? Ẹ̀yìn rẹ̀ ti san? Ṣé àwọn ìbọ̀sẹ̀ yẹn máa ń bá a lẹ́sẹ̀ mu?"

Alma wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ti mutí yó láàárọ̀.

"Ìbọ̀sẹ̀ wo?"

"Tí mo máa ń fi ránṣẹ́ ní Kérésìmesì. Màmá Oleta yìí ló ń hun ún, olórí pupa."

"Kò sí ìbọ̀sẹ̀ kankan tó dé ọ̀dọ̀ mi."

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ẹsẹ̀ akọ̀wé Ọ̀gbẹ́ni Sprague. Mo ti rí i lábẹ́ tábìlì, tó bọ́ bàtà sílẹ̀ nítorí oru, tí òwú pupa ń yọ lórí ọmọ ìka rẹ̀. Mo tilẹ̀ ti rò ó lọ́jọ́ náà pé ẹlòmíràn náà mọ iṣẹ́ mi ṣe.

"Ọ̀gbẹ́ni Tarrant," Alma ní, "ẹ̀yin ló yẹ kí n bi léèrè. Ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti rí i kẹ́yìn, àfi nínú sinimá."

"Nínú sinimá?"

"Ẹ má wulẹ̀ bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún mi. Mo mọ̀ pé orúkọ yín ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, n ò bá yín jà sí i. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ Orrin ní ẹṣin gígùn. Mo mọ ìgúnpá yẹn. Ní oṣù kejì ọdún yìí ni mo rí i tó fò látorí àpáta. Mo rí i lọ́dún tó kọjá. Mo rí i lọ́dún tó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ mí ní sinimá ìlú wa, iwájú ni wọ́n máa ń fi mí sí. Tó bá ti fò báyìí, màá pariwo, 'Àbúrò mi nìyẹn!'" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kì í kọ lẹ́tà. Wọ́n máa ń tẹ káàdì kan fún mi láti ọ́fíìsì yín pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìn, ó kí mi. Mo bínú, mo tún dárí jì í. Mo ní ṣebí ara rẹ̀ le. Ẹni tí ara rẹ̀ ò le, ṣé ó lè máa fò bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún? Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí. Mo wá sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́, kó máa bọ̀ nílé."

Lon kọjú sí mi. N kò mọ ohun tó rí lójú mi, àmọ́ ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fẹ́ fìtílà pa.

"Màmá Oleta. Kí ni?"

"Lon, kò dé Wyoming."

"Ibo ló dé?"

"Kò kúrò nínú omi yẹn. Ó kú síbẹ̀."

Níta, ẹnì kan tún ń pariwo ẹ̀rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì.

"Ẹ ṣì í mú," Alma ní. "Oṣù kejì ni mo rí i."

"Ọdún 1944 lẹ rí, Arábìnrin Alma. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fò. Ẹ̀ẹ̀kan yẹn la ń lẹ̀ mọ́ gbogbo fíìmù. Ṣẹ́ẹ̀tì tí Lon wọ̀ yìí, èmi ni mo ń ṣe é kí ojú má baà mọ̀ ọ́n."

Ó wo ṣẹ́ẹ̀tì náà. Ó wò ó láti ọrùn dé ìdí. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kò jọ èyí tó fi wọlé.

"Mo pàtẹ́wọ́," ó ní. "Lọ́dọọdún. Mo dìde dúró, mo pàtẹ́wọ́ fún un."

Mo sọ fún wọn pé ìyókù fíìmù náà wà lọ́wọ́ Bernadine. Lon ni ó ní òun fẹ́ rí i. Mo sọ pé kò yẹ. Ó ní òun á rí i. Alma dìde tẹ̀lé e. Mo mú wọn lọ sí yàrá Bernadine. Bernadine wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé agolo tíì rẹ̀ kúrò, ó mú èkejì jáde. Ó fi fíìmù náà sínú ẹ̀rọ kékeré tó fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀. Orí mẹ́rin la kó jọ síbẹ̀.

Kò ní ohùn. Ẹṣin àti ọkùnrin já bọ́, omi fọ́n funfun. Ibi tí a máa ń gé e nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ẹṣin dìde, ó gbọn ara nù, ó rìn lọ sí etí odò. Orrin dojú bolẹ̀. Omi kò tilẹ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí okùn funfun tí mo fi ọwọ́ ara mi rán síbẹ̀. Kò sí ẹni tó lọ bá a. Òfin iṣẹ́ ni: kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wọ iwájú kámẹ́rà títí olùdarí á fi ní ó tó. Olùdarí kò ní ó tó, nítorí ó dára lójú rẹ̀. Ọkùnrin kan ń mi orí pé iṣẹ́ yìí dùn. Létí odò, Lon dúró, ara rẹ̀ tutù fún omi garawa. Ó kéré lọ́jọ́ orí ju ti ìsinsìnyí lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì yí ẹnu ká, ó ń kígbe nǹkan.

"Kí lò ń sọ níbẹ̀?" Alma bi í. Kò pè é ní ẹ̀yin mọ́.

Lon ń wo ẹ̀rọ náà.

"Kí lò ń sọ fún àbúrò mi?"

"Mo ní, 'Dúró síbẹ̀, Orrin. Má mira. Ó dára gan-an.'" Ó fi ọwọ́ nu ẹnu. "Ẹlẹ́ṣin tó bá ṣubú kì í dìde títí wọ́n á fi pè é. Tó bá mira, wọ́n á ní ó ti bà á jẹ́, kó tún un fò. N kò fẹ́ kó tún un fò. Mo rò pé mò ń ràn án lọ́wọ́ ni. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní ó dákú ni."

"Báwo ló ṣe pẹ́ tó níbẹ̀?"

Bernadine ló dáhùn. "Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó yí i padà."

"Ṣé ó ṣì wà láyé nígbà yẹn?"

Bernadine na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà láti pa á.

Ọ̀gbẹ́ni Sprague wọlé wá báyìí, pẹ̀lú súìtì aládùn tó máa ń lá, tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Lon! Gbogbo ibi ni mo ti wá ọ. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ará New York ti..." Ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀rọ náà. "Bernadine. Mo ní kí o sun ìyẹn."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn tó. Lon ní, "Níbo lẹ sin ín sí?"

"Lon, a ó sọ̀rọ̀ tó bá yá."

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rèé. Níbo?"

Ọ̀gbẹ́ni Sprague wo Alma, ó bọ́ fìlà. "Ìtẹ́ òkú àwọn tí kò lẹ́nì kan, ní ìlà oòrùn ìlú. Mísísì, ilé-iṣẹ́ yìí ìbá ti wó. Ọgọ́rin ènìyàn ló ń jẹun níbí. Ìwọ náà, Lon, ìbá ti padà lọ máa ta ẹran."

"Ẹ yọ fífò yẹn kúrò, màá fọwọ́ sí i. Màá fò fúnra mi. Lónìí, tí ẹ bá fẹ́."

"Ìwọ? Ẹṣin tó dúró jẹ́jẹ́ ò ń bẹ̀rù rẹ̀!" Kò sọ ọ́ bí èébú, bí ẹni tó ń káàánú ló sọ ọ́. "Ọmọ mi, gbọ́. Ìwọ kọ́ ni wọ́n rà. Fífò yẹn ni wọ́n rà. Ọkùnrin gíga pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Ẹni tó bá sáà ti bá ṣẹ́ẹ̀tì mu ni. Oleta, mú okùn ìwọ̀n rẹ dání."

Lon wo àyà ara rẹ̀, níbi tí okùn funfun gbà. Fíìmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo rí i pé ó ń kà á lọ́kàn, pé ó ń wá èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnì. Méjìlá ni wọ́n, mo sì gbọ́ ìró ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì.

"Ọ̀gbẹ́ni Sprague," ni mo wí, "ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò wọ̀n ọ́n. Ẹ wá ẹni tí yóò pa á láró pẹ̀lú."

"Oleta, ìwọ náà?"

"Kí ẹ sì bá mi bi akọ̀wé yín pé níbo ló ti rí ìbọ̀sẹ̀ olórí pupa."

Wọ́n rí ọkùnrin gíga, wọ́n sì rí aláró. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, mo rí i nínú fèrèsé ilé ìtajà tẹlifíṣọ̀n kan. Ọkùnrin tó fò wọ ṣẹ́ẹ̀tì dúdú, ẹni tó jáde nínú omi wọ èyí tó ti ṣá. Ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ẹ wò ó, omi ti fọ aró rẹ̀!" Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. N kò lè dúró. Lon ní tirẹ̀ kò tún dúró níwájú kámẹ́rà mọ́ títí di òní.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, Alma ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti jáde sí àgbàlá. Ó gbàgbé ìgò jáàmù sórí tábìlì Bernadine. Lon gbé e, ó sáré tẹ̀lé e, èmi náà tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Alma! Ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò mi wà níta. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dé ìtẹ́ òkú náà."

Ó dúró, ṣùgbọ́n kò yíjú.

"Dúró síbẹ̀," ó ní. "Má mira."

Lon dúró. Obìnrin náà ń lọ. Àwọn ẹlẹ́ṣin ẹ̀gbẹ́ géètì bọ́ àkẹtẹ̀ fún un bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún obìnrin, wọ́n sì ń wo Lon tó wà ní síńgílẹ́ẹ̀tì láàárín àgbàlá, tó di ìgò mú mọ́ àyà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alma jáde ní géètì, ó yà sọ́wọ́ òsì, síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò, kò sì bojú wẹ̀yìn.